Wáyà méjì tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀: bí a ṣe ń wá àṣìṣe I2C láàárín Arduino Uno àti ESP32

Lórí tábìlì, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń fi kóòdù darí, ń ka bí omi ṣe ga tó nínú táǹkì láti ara sẹ́ńsọ̀, ESP32, bọ́ọ̀dù mìíràn irú rẹ̀, ń bi í léèrè lórí wáyà méjì I2C ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, nọ́ńbà tó bọ́gbọ́n mu sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Mo yọ Uno kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo kì í bọ ṣájà tirẹ̀, láti ìgbà náà lọ 255, 255, 255 nìkan ni ESP32 ń kà. Mo tún kóòdù kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi, mo sì ra òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kọjá kí n tó fi mọ́tímítà kan wáyà, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìtọ́sọ́nà yìí tẹ̀lé ètò tí n kò tẹ̀lé nígbà náà: wáyà ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, fóltì ni ó tẹ̀lé e, àdírẹ́sì ni ó kàn, kóòdù ni ó gbẹ̀yìn. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: mọ́tímítà tí ó lè wọn fóltì àti óòmù, tí ó sì lè ké nígbà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá wà lára wáyà kan náà, rẹ́sísítọ̀ 4.7 kΩ méjì, àti jọ́ḿpà, ìyẹn wáyà kékeré tí a fi ń so ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù pọ̀, bíi mélòó kan tí ẹ ti dán wò. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wáyà, tí ó tún kóòdù kọ, tí ó sì yí ṣájà padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tí ó wo àrùn náà sàn, yóò sì tún bá a pàdé.

Ohun tí wáyà méjèèjì ń ṣe

Ilé-iṣẹ́ Philips ni ó gbé ìlànà I2C jáde ní ọdún 1982, kí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan náà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. SDA ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. SCL ni ó ń lu ìlù tí ọ̀rọ̀ náà ń jó sí. Bọ́ọ̀dù kan ni ọ̀gá: òun ni ó ń lu ìlù, òun ni ó sì ń pe àdírẹ́sì ẹni tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyókù jẹ́ ọmọ-iṣẹ́, wọn kì í sì í lanu àfi bí a bá pè wọ́n. Nínú iṣẹ́ tèmi, ESP32 ni ọ̀gá, Uno ni ọmọ-iṣẹ́, àdírẹ́sì tí mo fún un sì ni 0x12 (0x ń sọ pé ìkà ẹlẹ́rìndínlógún, hexadecimal, ni nọ́ńbà náà).

Ohun kan wà tí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ti mọ ìdajì àrùn I2C. Kò sí bọ́ọ̀dù kankan tí ó ń ti wáyà náà sókè sí 3.3 tàbí 5 fóltì. Gbogbo agbára wọn kò ju kí wọ́n fà á wálẹ̀ sí òdo, tàbí kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Rẹ́sísítọ̀ tí a so láti ara wáyà náà lọ sí orísun iná ni ó ń dá a padà sókè. Bí rẹ́sísítọ̀ yẹn kò bá sí, wáyà náà kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Bí ẹnì kan bá sì fà á wálẹ̀ tí ó kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ iná, kí ẹ tẹ̀lé wáyà

Ẹ yọ bọ́ọ̀dù méjèèjì kúrò lára iná. Lórí Uno, SDA wà ní ẹsẹ̀ A4, SCL sì wà ní A5. Lórí Mega 2560, ẹsẹ̀ 20 ni SDA, 21 ni SCL. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ESP32, 21 ni SDA, 22 ni SCL, bí kóòdù yín kò bá sọ nǹkan mìíràn. SDA lọ sí SDA, SCL lọ sí SCL. Àwọn tí ó ti mọ́ lára láti máa so TX mọ́ RX ni wọ́n sábà máa ń gbé ọ̀kan kọjá èkejì, nítorí pé níbẹ̀ ẹnu ẹnì kan ni a ń so mọ́ etí ẹnì kejì, ṣùgbọ́n I2C kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yan ẹsẹ̀ mìíràn lórí ESP32, ẹ yàgò fún 34 sí 39, nítorí pé gbígbọ́ nìkan ni àwọn wọ̀nyẹn mọ̀, wọn kò lè fa wáyà wálẹ̀. Ẹ fi 6 sí 11 náà sílẹ̀; ibi tí ESP32 tọ́jú kóòdù rẹ̀ sí ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ yí mọ́tímítà sí ibi tí ó ti ń ké, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹsẹ̀ A4 lórí Uno, kí ẹ sì fi èkejì kan ẹsẹ̀ 21 lórí ESP32. Orí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orí jọ́ḿpà, nítorí pé ibi tí jọ́ḿpà ti wọ inú ihò ni irọ́ máa ń fara pamọ́ sí. Bí ó ti ń ké lọ, ẹ rọra máa mi wáyà náà. Jọ́ḿpà olówó pọ́ọ́kú máa ń já nínú rọ́bà rẹ̀ láì hàn lójú, bí igbe náà bá sì ń já lu ara, ẹ sọ jọ́ḿpà yẹn nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dá a padà sínú àpò. Mo ti dá irú rẹ̀ padà rí, òun náà ni mo tún fà yọ lọ́sẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún GND, ìyẹn ẹsẹ̀ òdo fóltì bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí gan-an ni tèmi wà. Breadboard gígùn tí mo lò, ìyẹn pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ, ní ìlà pupa àti ìlà búlúù ní ẹ̀gbẹ́, mo sì ti gbà lọ́kàn pé ìlà búlúù náà jẹ́ ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀dà búlúù náà dáwọ́ dúró láàárín, ó fi àyè bí ìbú ìka kan sílẹ̀, kí ó tó tẹ̀síwájú: irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ já níbẹ̀. GND ti Uno wà ní apá òkè, GND ti ESP32 wà ní apá ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Kí ló dé tí ó fi ṣiṣẹ́ lórí tábìlì? Bọ́ọ̀dù méjèèjì wà lára kọ̀ǹpútà kan náà nígbà náà, GND wọn sì ń pàdé nínú wáyà USB láì jẹ́ pé mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo gbé Uno lọ sí ẹnu ṣájà tirẹ̀ ni afárá yẹn wó. Láti ara GND ni bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti ń ka fóltì, nítorí náà bí GND wọn kò bá jọ jẹ́ ọ̀kan, 3.3 fóltì tí ẹnì kan ń sọ kò ní ìtumọ̀ létí ẹnì kejì. Jọ́ḿpà dúdú kan ṣoṣo tí mo fi bo àyè ìbú ìka náà ni ó parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: fóltì nígbà tí wáyà bá sinmi

Ẹ dá iná padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì EN lórí ESP32, èyí tí ó ń pa á tí ó sì ń tún un tan, mọ́lẹ̀ kí ó má baà sọ̀rọ̀, ẹ yí mọ́tímítà sí fóltì DC, ẹ fi ẹnu dúdú sí GND, kí ẹ wọn SDA, lẹ́yìn náà SCL. Wáyà tí ó ń sinmi gbọ́dọ̀ wà lókè, ní nǹkan bí iye fóltì tí rẹ́sísítọ̀ rẹ̀ so mọ́. Bí ẹ bá rí òdo, ẹnì kan ń fà á wálẹ̀ tàbí ó kan GND níbì kan. Bí ẹ bá rí iye kan láàárín, bíi 1.2 tàbí 1.8, tí ó sì ń yí bí ẹ ṣe ń gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn, rẹ́sísítọ̀ kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé àwọn kò fi rẹ́sísítọ̀ kankan sí i rí, ó sì ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wire, ìyẹn àkójọ kóòdù tí Uno fi ń sọ I2C, máa ń tan rẹ́sísítọ̀ kékeré tí ó wà nínú ẹ̀yà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n 20 sí 50 kΩ ni ìyẹn, kò sì lágbára tó láti gbé wáyà sókè kíákíá. Ìlànà I2C ní kí wáyà gòkè tán láàárín 1,000 nanosecond bí iyára bá jẹ́ 100 kHz, àti láàárín 300 bí ó bá jẹ́ 400 kHz. Ẹ fi 4.7 kΩ kan láti SDA sí 3.3V, kí ẹ fi òmíràn láti SCL sí 3.3V.

Àpọ̀jù náà tún wà. Ọ̀pọ̀ módù tí a ń rà, ìyẹn skírínì, aago, sẹ́ńsọ̀ ooru, ni ó ti ní rẹ́sísítọ̀ tirẹ̀ lára. Bí ẹ bá so márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4.7 kΩ pọ̀, gbogbo wọn di 940 Ω, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fa wáyà wálẹ̀ yóò ní láti gbé ju 3 milliamp lọ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí ìlànà náà fi lélẹ̀. Láti mọ iye tí ó wà lórí wáyà yín, ẹ yọ iná, kí ẹ wọn óòmù láàárín SDA àti 3.3V. Ibi tí ó bá wà láàárín 2 kΩ àti 5 kΩ, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 5 fóltì àti 3.3 fóltì ni ó le jù níbí. Uno ń jẹ 5, ESP32 ń jẹ 3.3, ẹsẹ̀ ESP32 kò sì wà fún 5 fóltì. Ní ti Uno, ìwé ẹ̀yà ATmega328P tí ó wà lórí rẹ̀ sọ pé ohun tí ẹsẹ̀ SDA àti SCL máa kà sí òkè kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná tí ó ń jẹ, èyí tí í ṣe 3.5 fóltì. 3.3 kò dé ibẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń gbé lórí orí ire ni, ó sì lè kọ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Ẹ ra módù kékeré tí ó ń yí fóltì padà, irú èyí tí ó ní BSS138 lórí: LV rẹ̀ lọ sí 3.3V, HV rẹ̀ lọ sí 5V, GND lọ sí GND ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wáyà ESP32 wọlé ní apá LV, ti Uno jáde ní apá HV. Kò wọ́n, ó sì sàn ju kí a máa ra ESP32 tuntun lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ni ó ń dáhùn?

Nínú Arduino IDE, ibi tí a ti ń kọ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ àwọn àpẹẹrẹ Wire, kóòdù kan wà tí ń jẹ́ i2c_scanner. Ẹ fi í sínú ESP32. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pe gbogbo àdírẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá dáhùn. Bí Uno bá jáde ní 0x12, wáyà yín ti dára, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, ẹ sì má padà síbẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó dáhùn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ má tíì ṣí kóòdù yín.

Bí ẹnì kan bá dáhùn ní àdírẹ́sì tí ẹ kò retí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ bíìtì méje àti mẹ́jọ. Bíìtì méje ni àdírẹ́sì I2C, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń ka bíìtì kíkà-tàbí-kíkọ mọ́ ọn, nọ́ńbà náà yóò sì di ìlọ́po méjì. Ẹ yí ẹ̀yìn skírínì OLED kékeré sókè, ẹ óò rí i pé wọ́n kọ 0x78 sí i lára, bẹ́ẹ̀ 0x3C ni ó ń dáhùn sí. Bákan náà, àwo tí ó wà lẹ́yìn LCD lè jẹ́ 0x27 bí ẹ̀yà PCF8574 bá wà lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ 0x3F bí ó bá jẹ́ PCF8574A, lẹ́tà A kan ṣoṣo sì ni ìyàtọ̀ tí ojú lè rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nísinsìnyí, kóòdù

Wire.endTransmission máa ń dá nọ́ńbà kan padà tí ọ̀pọ̀ kóòdù tí a ń dà kọ kì í wò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Òdo túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ dé. 1 ní ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù; lórí Uno, báìtì 32 ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. 2 ní a pe àdírẹ́sì ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn. 3 ní ó dáhùn orúkọ, ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un. 5 ní àkókò ti kọjá, wáyà ti há, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Bí kíkà ni ẹ ń ṣe, ẹ wo bí 255 ṣe ń jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 255, bíi tèmi lọ́jọ́ náà, kò sí ẹnì kankan lórí wáyà: Wire.read kò rí nǹkan kan kà, ó sì dá -1 padà, èyí tí ó máa ń di 255 bí a bá fi í sínú báìtì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 0, lẹ́yìn náà 255, 255, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Uno ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dáhùn, àmọ́ kò ní nǹkan kan láti sọ. Bí kóòdù tí ẹ kọ sábẹ́ Wire.onRequest, èyí tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá béèrè ọ̀rọ̀, kò bá pe Wire.write rárá, òdo kan ni Uno máa ń fi ránṣẹ́, á sì jọ̀wọ́ wáyà, wáyà tí ó ń sinmi lókè ni ESP32 sì ń kà sí 255. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà bí ẹ bá rí èyí. Inú kóòdù Uno ni àrùn náà wà.

Ẹ jẹ́ kí kóòdù tí ó wà lábẹ́ Wire.onRequest àti Wire.onReceive kúrú gan-an. Inú ìdádúró (interrupt) ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé Uno ti pa gbogbo iṣẹ́ mìíràn tì títí wọn yóò fi parí. Bí ẹ bá fi delay síbẹ̀, aago tí delay ń wò fúnra rẹ̀ ti dúró, Uno lè dúró síbẹ̀ láì padà, yóò sì di SCL mú nílẹ̀ títí yóò fi sú ESP32. Serial.print náà kò yẹ níbẹ̀. Inú loop, apá kóòdù tí ń yí po láì dúró, ni kí ẹ ti máa wọn omi, kí ẹ fi iye rẹ̀ sínú ohun tí a kọ volatile sí níwájú, kí onRequest kàn gbé e jáde.

Àṣìṣe kan tún wà tí kì í pariwo rárá. Omi ga tó 300 mìlímítà, ESP32 sì ń sọ 44. 300 ju ohun tí báìtì kan lè gbé lọ. 256 ṣubú sọ́nà, 44 ni ó kù. Ẹ pín in sí báìtì méjì, kí ESP32 sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wá. Ẹ má ṣe fi int ránṣẹ́ bí ó ṣe wà, nítorí pé báìtì méjì ni int lórí Uno, mẹ́rin ni lórí ESP32. Ẹ kọ uint16_t, ìyẹn nọ́ńbà báìtì méjì, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wáyà tí ó há

Iṣẹ́ ti ń lọ, ó sì ń lọ dáadáa, títí wọn yóò fi mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ yóò sì gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ESP32 tan, ṣùgbọ́n kò rí Uno mọ́, bí ẹ bá sì wọn SDA, òdo ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé iná já díẹ̀, ESP32 kú, ó sì jí, ṣùgbọ́n Uno kò kú. Ó wà láàárín ọ̀rọ̀, ó ti fa SDA wálẹ̀ láti sọ òdo kan, ó sì ń dúró de ìlù tí yóò sọ fún un pé kí ó tẹ̀síwájú. ESP32 ń wò ó pé wáyà ní ẹni tí ó ń lò ó, òun náà ń dúró. Oníkálukú ń retí ẹnì kejì.

Kí ESP32 tó pe Wire.begin, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo SDA. Bí SDA bá wà nílẹ̀, kí ó fa SCL wálẹ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, tó ìgbà mẹ́sàn-án, kí ó sì máa wo SDA lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ-iṣẹ́ tí yóò di wáyà mú kọjá ìlù kẹsàn-án bí ara rẹ̀ bá dá, nítorí báìtì kan àti ìdáhùn rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tí SDA bá gòkè, kí ESP32 fà á wálẹ̀ nígbà tí SCL wà nílẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ SCL, kí ó tó jọ̀wọ́ SDA. Ìyẹn ni àmì ìdúró. Bí Uno ni ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ tiyín, ẹ pe Wire.setWireTimeout, nítorí láìsí i, Uno lè dúró de wáyà tí ó há títí láé.

Ẹ dán an wò kí iná tó dán yín wò: bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ EN ní ogún ìgbà láì ka àkókò sí. Bí ó bá jí ní gbogbo ogún ìgbà, ó tó gbé lọ sí ìdí táǹkì.

Ibi tí I2C parí sí

Táǹkì wa jìnnà tó mítà 8 sí ibi tí ESP32 wà. Mo fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kan dé ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí ó ń gbé iná lọ sí ẹ̀rọ tó ń fa omi, ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá sì tan, I2C dákẹ́. Irú wáyà yẹn ń kó nǹkan bí 50 picofarad (ìwọ̀n bí ó ṣe ń kó iná pamọ́) jọ ní mítà kọ̀ọ̀kan, 400 sì ni òpin tí ìlànà fi lélẹ̀ fún gbogbo ohun tó wà lórí wáyà náà pọ̀. Mo dín iyára kù sí 10 kHz, ó sàn díẹ̀, kò sì sàn tán. Bí ẹ kò bá kọjá mítà kan, ẹ máa wé SDA pọ̀ mọ́ GND, kí ẹ sì wé SCL mọ́ GND mìíràn, kí ẹ má ṣe wé SDA àti SCL pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi I2C sílẹ̀, kí ẹ lọ sí RS-485, ìlànà mìíràn tí a ṣe fún ọ̀nà jíjìn, tí ó sì lè dé mítà 1,200.

Ẹ fi módù MAX485, èyí tí ń sọ RS-485, sí ara Uno, kí ẹ sì fi MAX3485 tí ó ń jẹ 3.3 fóltì sí ara ESP32, kí 5 fóltì má baà wọ inú rẹ̀. Wáyà A àti B ni kí ẹ wé pọ̀, kí rẹ́sísítọ̀ 120 Ω wà láàárín wọn ní ìkángun méjèèjì, kí GND sì tẹ̀lé wọn. Iyára 9600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó fún ìwọ̀n omi. Lórí Uno, ẹsẹ̀ 0 àti 1 ni USB náà ń lò, nítorí náà ẹ yọ wáyà kúrò níbẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ fi kóòdù tuntun sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wúruwùru nìkan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ESP32, tí iyára ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dọ́gba, ẹ gba A sí ipò B ní ìkángun kan ṣoṣo. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́.